Ohun tí mo gbàgbé láti kọ

Bí wọ́n bá bi ìyá mi léèrè iṣẹ́ mi, á ní mo ń kọ̀wé ní Kutọnu. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣèwádìí. Èmi ọmọ kékeré bírò ń ṣà á jọ fún ọ̀gá tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn.

Ní 1999, oògùn òwú endosulfan pa àwọn àgbẹ̀ ní Borgou. Ọdún 2011 ni àdéhùn Stockholm tó ní kí ayé pa á tì.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ lórí oògùn oko, ọ̀gá mi dá a padà: «Agolo rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń fi pọn omi?» Ojú tì mí. Ìyá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Lẹ́yìn ọdún, ẹ jẹ́ kí n wá sóko yín.