Àlejò Tí Kò Mọ Onílé: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì Jos

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú Jos)

  Ọmọdé kì í dìde sọ̀rọ̀ níwájú àgbà kí ó má tọrọ ààyè. Nítorí náà, bí mo bá pa òwe, tótó, ó ṣe bí òwe o.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọ̀ràn àwọn ọmọ tí ń ti ilẹ̀ Yorùbá wá kàwé ní Yunifásítì Jos. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dé. Òmíràn nínú wọn kò kọjá Ìlọrin rí kí ó tó wọ ọkọ̀ Jos. Kò mọ ẹnì kan, kò gbọ́ Hausa, kò sì mọ bí ọyẹ́ ti ń mú ènìyàn ní orí òkè tí ó ga ju 1,200 mítà lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbátan níhìn-ín, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń darí rẹ̀ sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò lè gba ọmọ ìlú rẹ̀ lálejò kì í ṣe ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo gbé wá ni èyí: nígbà tí a bá ti gbà á tán, ibo ni a ń mú un lọ?

Èrò tèmi ni pé ìrànlọ́wọ́ wa kò tíì pé títí ọmọ náà yóò fi ní ọ̀rẹ́ láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ó ń lọ sí kíláàsì, tí ó sì ń ti kíláàsì padà sọ́dọ̀ wa fún ọdún mẹ́rin gbáko, a ti fi ìfẹ́ sé e mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1975 ni ó di Yunifásítì tí ó dá dúró fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gilbert Onuaguluchi sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé Ìbàdàn ni ó bí i. Ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ sí Ìbàdàn; orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó wà. Naraguta tí àwọn ọmọ wa ń pè bí ẹni pé orúkọ họ́sítẹ́ẹ̀lì lásán ni, ilẹ̀ àwọn Anaguta ni. Àwọn Berom wà níhìn-ín, àwọn Afizere wà níhìn-ín. Àwọn Hausa wà nínú ìlú láti ayé ìwakùsà tánńganran. Láti apá ibòmíràn ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni àwọn Ngas, Mwaghavul, Tarok àti Goemai ti ń rán ọmọ wọn wá. Tiv, Idoma àti Igbo náà ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwa pẹ̀lú, rélùwéè ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà àti àwọn mìíràn, a sì ti bí ọmọ, a ti bí ọmọ-ọmọ síbí.

Ọmọ tí ó bá lo ọdún mẹ́rin láàrin irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí, tí kò mọ ẹyọ kan nínú wọn ju orúkọ lọ, ó dà bí ẹni tí ń gbé etí odò tí ó ń fi itọ́ bọ́jú.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn kan nípa ọjà. Àwa tí ń tajà ní Jos, ta ni ń rà á lọ́wọ́ wa? Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni oníbàárà wa, ebi ì bá ti lé wa padà sílé. Ẹni tí ń ra tòmátì ní Fárín Gádà kó lọ sí Èkó, ẹ̀yà mélòó ni ó ń bá dúnàádúrà kí apẹ̀rẹ̀ kan tó gun orí ọkọ̀? Àwa tí a kò lè jẹun bí a kò bá bá gbogbo ènìyàn rẹ́, kí ló dé tí a fi ń sọ fún ọmọ wa pé, "Má bá wọn rìn o, ọ̀dọ̀ wa ni kí o máa bọ̀"?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn kan ti jẹ àlejò ní ibi tí ó jìnnà ju ibí lọ, a sì lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn. Ládipọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gbà kí ènìyàn dúdú yá yàrá nínú ilé wọn. Ní ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí i tirẹ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. WASU ni a ń pe ẹgbẹ́ náà. Láti 1929 títí dé 1932 ni Ṣólańkẹ́ fi rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ń tọrọ owó kí wọ́n lè ní ilé tiwọn. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà ní òpópó Camden. Ìyàwó Ṣólańkẹ́ ni ó ń tọ́jú ilé, tí ó sì ń se oúnjẹ tí ọmọ Áfíríkà mọ̀ fún wọn.

Títí dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí èyí tí àwa náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí èyí tí ó kù. Wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà ni ó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n sì ń pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, tí ó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1945, wá bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ilé tí a dá sílẹ̀ láti fi bo àlejò mọ́lẹ̀ ni ó di ilé tí onílé ń wá.

Ẹ̀kọ́ kejì wà níbẹ̀. Ní 1934, ilé mìíràn tí ó ń jẹ́ Aggrey House di ṣíṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. WASU kọ̀ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé ṣíṣọ́ ni ìjọba fẹ́ fi ṣọ́ àwọn. Kí àwa náà ṣọ́ra. Ọmọ tí ó bá rí i pé ńṣe ni à ń ṣọ́ òun, tí à ń ròyìn òun sílé, yóò sá fún wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Akọ̀wé, nígbà tí ìjà dé, ta ni ó gba àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé?" Òótọ́ ni. A kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. A kò jẹ́ gbàgbé oṣù kọkànlá 2008, tàbí oṣù kìn-ín-ní 2010. Kí ẹgbẹ́ máa tọ́jú orúkọ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni aládùúgbò tí ẹ̀sìn wọn kò bá tiwọn mu fi pamọ́ sínú ilé, tí ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ewu fi kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí kò lè mọ̀ pé ó yẹ ní fífi pamọ́. Ìmọ̀ra ni ó ṣe é.

Lẹ́yìn ìjà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ó pín sí méjì: àwọn Kristẹni kó lọ sí apá kan, àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí apá kejì. Ibi tí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan kò pọ̀ tó ti àtijọ́ mọ́. Kíláàsì Yunifásítì jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó ṣẹ́kù. Ọmọ Yorùbá sì ní ohun kan tí ó lè lò níbẹ̀. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ìpàdé tí a wà yìí, àdúrà méjèèjì ni a fi ṣí i. Ọmọ tí a tọ́ báyìí lè jókòó láàrin ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn yìí sínú àpótí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a ṣe.

Èkíní, nígbà tí ọmọ tuntun bá dé, ẹni méjì ni kí a fi í lé lọ́wọ́. Kí ọ̀kan jẹ́ ará wa, tí yóò bá a wá yàrá, tí yóò mú un lọ ra kúbùsù àti súwẹ́tà kí ọyẹ́ tó dé, tí yóò sì sọ ibi tí omi wà fún un. Kí èkejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tí ẹ̀kọ́ wọn jọ jẹ́ ọ̀kan náà. A lè rí i nípasẹ̀ àwọn ọmọ wa tí a bí ní Jos. Wọ́n gbọ́ Hausa, wọ́n ti bá ọmọ Berom àti ọmọ Afizere ṣeré láti kékeré. Àwọn ni afárá wa, a kò sì tíì rán wọn níṣẹ́.

Èkejì, àsè tí a ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Àwa nìkan ni a máa ń jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì wa, a ó ki oríkì, a ó túká. Láti ìsinsìnyí lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú àlejò kan wá tí kì í ṣe Yorùbá. Kí a sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ní èdè tí àlejò náà gbọ́. Kí ìkòkò acha wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àmàlà. Bí a bá rí ọmọ Kamẹrúúnù tàbí ọmọ Ṣáàdì láàrin wọn, tàbí ọmọ Yorùbá láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó jẹ́ pé Faransé ni ó fi kàwé, kí àga tirẹ̀ wà. Ẹni tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kò ní irú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín.

Ẹ̀kẹta, kí àwa náà máa lọ sí ìnáwó wọn. Bí àwọn Berom bá ń ṣe ọdún Nzem Berom wọn, kí aṣojú ẹgbẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ, kí wọ́n wọ aṣọ tí ó dára, kí wọ́n kí Gbong Gwom Jos bí a ti ń kí ọba. Ẹni tí kò wá síbi ìnáwó ẹni, kí ni a ó fi mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀kẹrin jẹ́ iṣẹ́ tèmi. Nínú ìwé ńlá tí ó wà lọ́wọ́ mi, ìlà márùn-ún ni ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́, ibi tí ó ń gbé, àti nọ́ńbà tẹlifóònù òbí rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ kí a fi ìlà kẹfà kún un: ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe Yorùbá. A kò ní bi í lọ́jọ́ tí ó dé. Ìparí ọdún àkọ́kọ́ ni a ó bi í. Orúkọ kan ṣoṣo ti tó, a kò ní wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìlà náà bá ṣófo, kì í ṣe ọmọ náà ni a ó bá wí. Ẹgbẹ́ ni kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ẹ̀rù tí ń bà yín. Ẹ rò pé yóò kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, tàbí pé yóò mú ìyàwó tàbí ọkọ tí ẹ kò gbọ́ èdè rẹ̀ wálé. Ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ wà ní ìlú tiwa náà, kò dúró de Jos. Ní ti ìgbéyàwó, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ìgbà náà ni ẹ óò kọ́ èdè.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́ ìkíni kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun. Ẹni tí ó bá lè sọ "Ina kwana" ní òwúrọ̀, tí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti wọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ béèrè bí wọ́n ti ń kíni ní èdè ti ìdílé ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Hausa ni ó jẹ́ Hausa. Ẹ má pe ọmọ Berom ní Hausa. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní "gàm̀bàrí" tàbí "mọ̀là" lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì rò pé kò gbọ́; ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kan kò gbọ́ Yorùbá, ẹ má fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè yín wálé, ẹ lọ.

Ẹ̀yin àgbà, mo dábàá pé kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí yóò wọlé ní sáà tí ń bọ̀. Kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn kín mi lẹ́yìn. Ọlọ́run Ọba yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi àlàáfíà jíǹkí ìlú tí ó gbà wá.