Ká Wá Olùkọ́ Ká Tó Ra Ẹ̀rọ



Mo ti rí ìwé àbá owó wọ́kíṣọ́ọ̀bù àjọlò tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣí fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹ̀rọ pọ̀ nínú ẹ̀: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin, jẹnẹrétọ̀, printer 3D. Olùkọ́ ńkọ́? Ìlà kan péré ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: "àwọn olùyọ̀ǹda". Ìlà yẹn ni mo dìde lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká dé Lọmé ní Tógò ná. Ní 2012, ayàwòrán ilé kan, Sénamé Koffi Agbodjinou, ṣí ibi irú èyí síbẹ̀, ó pè é ní WoeLab. Ibẹ̀ ni Afate Gnikou, tó jẹ́ pé jọ́gíráfì ló kà ní yunifásítì, ti to printer 3D láti ara àwọn scanner, printer àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dà nù. Ẹ̀rọ náà á yọ́ ike, á máa tò ó ní ìpele-ìpele títí tó fi máa di nǹkan téèyàn lè dì mú. Nígbà tó fi máa di 2013, ìròyìn rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé. Ẹ kíyè sí i: èèyàn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, inú pàǹtí ni ẹ̀rọ ti jáde.

Pàǹtí tiwa ò jìnnà, Owódé Onírin nìyẹn. Àwọn tó lè kọ́ni náà wà nítòsí. Rewáyà kan wà tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún, àmọ́ kò lè ya àwòrán kankan lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ poli tó lè yà á, bóyá ni ọwọ́ ẹ̀ ti kan fáìlì irin rí. Ká fi àwọn méjèèjì sídìí tábìlì kan.

Kíkọ́ni níbẹ̀ kò dà bíi ti kíláàsì. Ọmọ ló máa dì í mú, òun ló máa bà á jẹ́, òun náà ló máa tún un tú. Olùkọ́ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, á pa ọwọ́ mọ́. Ẹ bi ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ bóyá ìyẹn rọrùn! A tún nílò ẹni tó ń ka irinṣẹ́ ká tó tilẹ̀kùn, tó ń rí i pé ọmọ wọ gíláàsì ojú kó tó lọ irin. (Ẹni yẹn kì í ṣe mẹ́gáàdì o.)

Wẹ́dà tó bá ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́sàn-án nítorí ọmọ yín, owó oúnjẹ ilé ẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn. Ó lè yọ̀ǹda ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ẹ ó pe fóònù ẹ̀ tì. Mo mọ gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun sí láìgba olùkọ́. Aláǹtakùn ló ń lò ó báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣáà ń jẹ́ Kòsọ́fẹ́, àbí?

Àbá mi rèé: ká sún printer 3D sí ọdún tó ń bọ̀, ká fi owó ẹ̀ san owó oṣù olùkọ́ méjì àti olùtọ́jú irinṣẹ́ kan. Ìpàdé ìparí oṣù la máa dìbò lé e. Ẹni tó bá mọ wẹ́dà tàbí rewáyà tó ní sùúrù fún ọmọdé, kó fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa ṣáájú ọjọ́ náà.