Aago Inú Ara àti Irúgbìn Ẹ̀jẹ̀



Ta ni ń jí àkùkọ ní ìdájí? Kò ní aago lọ́rùn. Ẹ tún wo ewé patanmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà oko. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á pa ewé rẹ̀ dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ṣí i. Ẹ lè sọ pé oòrùn ló ń wò. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques de Mairan, gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn níbi tí oòrùn kò lè dé. Ewé náà kò ṣìnà. Ó ń ṣí lásìkò ọ̀sán, ó ń pa dé lásìkò òru. Aago rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀.

Àwa ènìyàn náà ní tiwa. Olórí aago yìí wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Òun ló ń mú kí oorun kùn wá lálẹ́. Ó tún ń pàṣẹ fún ohun kan tí a kì í rí, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni irúgbìn ẹ̀jẹ̀ wà, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í gbé ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Irúgbìn yìí ló ń bí òmíràn. Lára ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé ló ń bí. Ẹ̀jẹ̀ náà á há sínú iṣan, ọmọ á máa ké. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Bóyá ilé yín ni.

Dókítà lè fi oògùn líle pa irúgbìn tí kò dára, kí ó fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1984, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ròyìn ọmọbìnrin ọdún 8 kan tí wọ́n ṣe èyí fún. Àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń wò fún un. Fòníkú-fọ̀ladìde náà bá a lọ.

Wọ́n lè fa irúgbìn náà jáde láti inú eegun ìdí. Wọ́n sì lè fún olùfúnni ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ 4 tàbí 5, kí irúgbìn tú sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀rọ wá ṣà á. Níbí ni aago ti wọlé. Ní ọdún 2008, Paul Frenette àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i lára èkúté pé irúgbìn náà kì í jókòó sójú kan. Aago ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba inú iṣan, ohun tó so irúgbìn mọ́ eegun á dẹ̀, díẹ̀ á jáde bí ewúrẹ́ tí a tú ní ìso. Lára èkúté, ọ̀sán ni wọ́n ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, torí òru ni èkúté ń ṣiṣẹ́. Ti ènìyàn yí padà: ìrọ̀lẹ́ ni. Èyí tí wọ́n gbà lára ènìyàn nírọ̀lẹ́ sì pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ.

Iye yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ó kéré tán, mílíọ̀nù 2 ni wọ́n ń wá fún kílò kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn tó wọn kílò 50 ń fẹ́ mílíọ̀nù 100. Bí kò bá tó, ẹ̀jẹ̀ tuntun á pẹ́ kó tó hù, ibà kékeré sì lè pa aláìsàn kó tó hù. Ẹ̀yin tí ẹ ń hú ọmọ tòmátì gbìn sí ebè, ṣé ọ̀sán gangan lẹ máa ń ṣe é?

Ṣùgbọ́n wákàtí kò lè gba iṣẹ́ ìbátan ṣe. Irúgbìn olùfúnni gbọ́dọ̀ bá ara aláìsàn mu. Nínú ọmọ ìyá àti bàbá kan náà mẹ́rin, a lè retí kí ẹnì kan bá a mu. Nígbà mìíràn kò sí rárá. Iṣẹ́ náà wọ́n gan-an, ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá sọ́jà Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tó ní irúgbìn ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ má na kọ́bọ̀ lé e. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.