Amọ̀ Ni Ẹ̀gbọ́n Idẹ

Ẹ̀yin bàbá wa tí ewú orí yín jẹ́ ẹ̀ṣọ́ àpérò yìí, ẹ̀yin ìyá wa tí gèlè yín kò jẹ́ kí n rí ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀yin ọmọ Ìpetumodù tí ẹ la òtútù Lọ́ńdọ̀nù kọjá kí ẹ tó dé ibí, mo kí yín, mo sì tún yín kí. Àgbà tí a bá pè sí àwùjọ, bí kò bá ní obì lọ́wọ́, ó yẹ kí ó ní ìtàn lẹ́nu. N kò mú obì wá, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú àpò agbádá mi tí n óò fi hàn yín kí n tó jókòó.

Nígbà tí ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ ìtàn ìlú wa àti ohun tí àlejò lè rí níbẹ̀, àwọn ìlú tí omi sọ di olókìkí ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ fi ṣe ibi ìsádi lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, tí ó sì sọ etí ọ̀sà náà di ojú ọ̀nà òwò. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ìtàn Èjìnrìn mọ̀ pé ọjà etí omi rẹ̀ ti kún rí, tí èrò ń ti Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wọ́ lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà mọ́tò tẹ̀ lé e, ẹrù yà kúrò lójú omi, Èjìnrìn sì dákẹ́. Ìpetumodù kì í ṣe ìlú èbúté. Ohun tí omi ṣe fún wọn, ilẹ̀ ni ó ṣe é fún wa. Ilẹ̀ náà ni mo sì wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀ wá sí Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, bí ó bá ti ré Gbọ̀ngán kọjá, kò ní í pẹ́ kí ó tó wọ ilẹ̀ Oríigbó, Oríigbó méje tí í ṣe Ìpetumodù, Mòrò, Yákóyọ̀, Ẹdúnàbọ̀n, Àṣípa, Akínlàlú àti Ìsópè. Ìpetumodù, ìlú Apetumodù, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ wà lónìí. Igbó yìí mọ ìró ogun. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín 1830 sí 1840, àwọn tí ogun lé ya wọ ilẹ̀ Ifẹ̀ bí omi òjò tí kò rí ojú àgbàrá.  N kò ní í pẹ́ lórí ogun, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ ka àpá ogun nílẹ̀ Yorùbá tán, ilẹ̀ yóò ṣú bá a. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a kíyè sí: ìsáǹsá lè ru aṣọ, ó lè pọn ọmọ, ó lè fa ewúrẹ́ dání, ṣùgbọ́n kò lè gbé àmù sáré. Bí ó bá ti dé ibùdó titun, ìkòkò ni ìyàwó ilé ń wá kí ó tó wá ẹni tí yóò bá a ṣọ̀fọ̀.

Ní Ìpetumodù, àwọn ìyá wa ni wọ́n ń mọ ìkòkò náà. Ìyá tí ó bí ìyá mi lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ebu, ibi tí a ti ń mọ ìkòkò, mo sì rántí bí ó ti ń gún amọ̀ bí ẹni ń gún iyán, tí ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Yóò da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, yóò bu eérú sí i lára kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, yóò máa lù ú títí yóò fi tẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá ti le díẹ̀, yóò máa fi amọ̀ tí ó fà gùn bí ejò kọ́ ara rẹ̀ sókè, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, kì í ṣe pé ìkòkò ń yí, ìyá àgbà ni ń yí. Ṣùkù àgbàdo ni ó fi ń fín ọrùn rẹ̀, òkúta dídán ni ó fi ń ra ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ lábẹ́ òjìji, igi àti koríko ni wọn yóò kó bò ó ní gbangba, iná yóò sì jó. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná, àmọ́ èyí tí mo ń sọ yìí, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń gbóná. Báyìí ni orù, ìṣaasùn, agbada, àjẹrẹ àti àmù ṣe ń jáde. Omi inú àmù a máa rọra gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, a sì gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi ń tutù níbẹ̀ láìlo iná mọ̀nàmọ́ná, ẹni tí ó bá sì mọ bí iná ti ń ṣe nílé wa kò ní í fi ojú tín-ín-rín wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó dùn mí pé bí a bá ń yin Ifẹ̀, idẹ ni a ń yìn. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ní British Museum nínú ìlú yìí, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe rọ ọ́? Amọ̀ ni inú rẹ̀, ìda ni wọ́n fi bo amọ̀ náà, wọ́n ya ojú àti imú sára ìda, wọ́n tún fi amọ̀ bò ó. Iná yọ́ ìda dànù, wọ́n da idẹ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fọ́ amọ̀ kúrò. Amọ̀ ni a fọ́, idẹ ni a yìn! Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ńkọ́? Ní Igbó Olókun, inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ṣe é, àwókù àwọn ìkòkò náà sì wà títí di òní pẹ̀lú gíláàsì lára wọn. Ìtàn sì sọ pé Lúwoo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀, kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó fi ní kí wọ́n to àpáàdì sí ojú ọ̀nà. Àwọn awalẹ̀pìtàn bí Frank Willett rí irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ ní Ìta Yemòó. Bí idẹ bá jẹ́ ọmọ ọba, amọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó pọ̀n ọ́n dàgbà.

Abọ́ tánganran dé, ìkòkò irin dé, ọ̀rá àti ike dé, fìríìjì sì gba ipò àmù. Àwọn ọmọbìnrin ebu lọ sí ilé ẹ̀kọ́, n kò sì bá wọn wí, nítorí èyí tí ó bí mi wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ládì Kwali, obìnrin Gbágyi tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tirẹ̀. Ó lọ sí ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín ní 1958, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà wa. Ìyá mélòó ní Ìpetumodù ni ọwọ́ wọn mọ ìkòkò tó bẹ́ẹ̀, tí a kò mọ orúkọ wọn?

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, ẹ má kàn mú un lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn nìkan kí ẹ sì padà. Ẹ mú un dé ebu, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Kí ó ra ìkòkò ní iye tí wọ́n bá pè é, kí ó má ná an.

Èmi náà rà á nígbà kan. Àmù kékeré kan ni, mo fi ìró mẹ́ta wé e, mo gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo tú ẹrù mi ní ìlú yìí, ó ti di ọ̀nà mọ́kànlá. N kò sọkún, àpáàdì ni ó tó ko iná lójú, mo sì fi ọ̀kan pamọ́. Òun nìyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni kí ẹ wò: ojú ìka obìnrin tí ó mọ ọ́n wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo bá a jókòó fún wákàtí kan gbáko, mo bi í nípa amọ̀, mo bi í nípa iná, n kò sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ gbé e yí gbọ̀ngàn ká. Kí olúkúlùkù fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú ibi tí ti obìnrin náà wà.