Àwọn Ẹyẹ Coquet àti Àwọn Ọmọ Wa

 

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ. Akáùǹtáǹtì tó san owó ọkọ̀ ojú irin èèyàn mẹ́rin nítorí ẹyẹ, ìyàwó mi ti sọ tirẹ̀ nílé.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross dé Alnmouth, a sì kọjá sí èbúté Amble. Níbẹ̀ ni afinimọ̀nà ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí erékùṣù Coquet. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò sọ̀ kalẹ̀. Ńṣe ni ọkọ̀ ń yí i po. Àwọn olùtọ́jú nìkan ló ń gbé ibẹ̀ nígbà ooru, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹyin lọ́wọ́ olè. Bẹ́ẹ̀ ni, olè ẹyin wà ní Ìlú Ọba!

Roseate tern ni orúkọ ẹyẹ tí a lọ wò. Ó funfun bí lékeléke, orí rẹ̀ dúdú, kò sì wúwo ju ọsàn kékeré kan lọ. Coquet ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ní Ìlú Ọba ti ń pamọ. Nǹkan bí ìtẹ́ 150 ni wọ́n kà ní ọdún 2021, kí àrùn tó ń pa adìẹ àti ẹyẹ tó dé ní 2022.

Tí òtútù bá ń bọ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń lọ, pàápàá Gánà. Òrùka kékeré tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ ọmọ ẹyẹ tí wọ́n fi mọ̀. Àkọsílẹ̀ tó péye nìyẹn, mo gbà fún wọn. Ewu wà lọ́hùn-ún náà: àwọn ọmọdé etíkun Gánà a máa dẹ okùn fún wọn, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ní 1985, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwé láti dáàbò bò wọ́n.

Ní oṣù Karùn-ún, ìyá àti bàbá á padà sí Coquet. Ọmọ kì í bá wọn bọ̀. Etíkun wa lọ́hùn-ún ló máa ń dúró sí, ó sì sábà máa ń tó nǹkan bí ọdún méjì kó tó padà síbi tí wọ́n bí i sí.

Nínú wa níbí, "màá rán ẹ lọ sílé" ni a fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ, bí ẹni ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká mú ọmọbìnrin wa wá kí òun fi ọdún méjì tọ́ ọ. Mo fẹ́, ìyàwó mi ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ńkọ́? Nínú ọkọ̀ yẹn ni ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, tí ẹyẹ yẹn bá padà dé, ṣé ó ṣì máa gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ń sọ?"

Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi ni èmi àti ìyá rẹ̀ fẹnu kò sí. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń jí mi kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí Màmá Ìjẹ̀bú láàárọ̀.