Àwọn Tí A Rán Lọ sí Ogun ni Kí A Rán Lọ sí Àlàáfíà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ìjà ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ìjà ń pa. Bí a bá wo ìtàn ilẹ̀ wa dáradára, a ó rí i pé nígbà tí àwọn àgbà bá ń bínú sí ara wọn, àwọn ọmọ wọn ni ń gbé ohun ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ parí ìjà náà, àwọn àgbà nìkan ni a ń pè jókòó. Ọ̀dọ́ tí ó fi ara gba ọfà wà ní ìta, kò mọ ohun tí a sọ nínú ilé. Èrò wa ni pé àṣà yìí kò tọ́, àti pé òun wà lára ohun tí ń mú kí ìjà tí a ti parí máa jí dìde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún 1992, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Zangon Kataf láàrin àwọn Hausa àti àwọn Kataf. Ó ràn dé ìlú Kàdúná, ó sì di ìjà àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Onígbàgbọ́. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ aṣíwájú àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀: James Wuye ní ìhà àwọn Onígbàgbọ́, Muhammad Ashafa ní ìhà àwọn Mùsùlùmí. Nínú ìjà yẹn ni Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nínú rẹ̀ kan náà ni a pa olùkọ́ Ashafa, arúgbó tí ó bọ̀wọ̀ fún gidigidi, pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Olúkúlùkù wọn sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ láti gba ẹ̀san.

Ní ọdún 1995 ni wọ́n pàdé ní ojúkojú. Oníwèé ìròyìn kan tí ó mọ àwọn méjèèjì ni ó fà wọ́n lọ́wọ́ pọ̀, tí ó sì rọ̀ wọ́n láti tún ìlú ṣe. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni inú wọn mọ́ sí ara wọn. Wuye fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ sùn nínú yàrá kan, èrò wá sí òun lọ́kàn láti fi ìrọ̀rí pa ẹnì kejì òun. Ashafa ní tirẹ̀ gbọ́ ìwàásù kan nípa bí Ànábì ṣe dárí ji àwọn ará ìlú Ta'if tí wọ́n sọ ọ́ ní òkúta, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ìyá Wuye ń ṣàìsàn, Ashafa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá fi di ọ̀rẹ́.

Ní ọdún 1995 yìí kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, èyí tí ó dàgbà di Interfaith Mediation Centre. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n wá àwọn tí ó ti jà, wọ́n mú wọn jókòó pọ̀, wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ohun tí a ṣe sí i, kí ó sì gbọ́ ohun tí àwọn tirẹ̀ ṣe sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà tí ẹni tí kò jà rí ń sọ lè gba etí kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ìjà gba ọwọ́ rẹ̀ bá sọ ọ́, a máa dúró sí ọkàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn olórí ẹ̀sìn ní ìpínlẹ̀ Kàdúná fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, àwọn ọkùnrin méjì yìí sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn kan kọ nípa ìdíje ẹwà àwọn obìnrin dá ìjà sílẹ̀ ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹlẹ́gàn lè sọ pé asán ni ìwé náà. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ìwé tí àwọn olórí fọwọ́ sí kò tíì dé ẹ̀bá títì níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí. Àwọn méjèèjì kò sinmi. Lẹ́yìn ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yelwa, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní ọdún 2004, wọ́n lọ síbẹ̀ láti làjà, nígbà tí ó sì di ọdún 2005 àwọn ará ìlú náà péjọ ṣe ayẹyẹ àlàáfíà. A kò wí pé ìjà ti tán ní apá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2011 ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn ní Kàdúná. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ àlàáfíà: ẹni tí ó ro oko lẹ́ẹ̀kan kò lè wí pé koríko kò ní hù mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a parí ìwé àdéhùn ogun Kírìjì, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips rìn ìrìn àjò púpọ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ọba àti àwọn balógun fọwọ́ sí i. Ìlànà kan wà nínú rẹ̀ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú. Ní ọdún 1909 ni a tú ìlú wọn ká. Lẹ́yìn náà wọ́n padà. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981. Ó sì tún bẹ́ láti ọdún 1997 títí di ọdún 2000, nígbà tí a ń jiyàn lórí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣubú nínú ìjà yẹn, a kò tíì bí wọn ní ọdún 1886, a kò sì tíì bí baba wọn. Ogún ìbínú ni wọ́n jẹ. Àwọn àgbà fi ìjà lé wọn lọ́wọ́, wọn kò fi ìparí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Àwọn baba wa ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń parí ìjà, àgbà nìkan ni a ń bi léèrè. A kò wá kọ́ àgbà ní ọgbọ́n. Òwe àgbà ni a fi ń bẹ àgbà.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Èkínní, nígbàkigbà tí ìlú méjì tàbí àdúgbò méjì bá ní aáwọ̀, kí a pe àwọn olórí ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì sí ìjókòó, àní àwọn tí ó gbóná jù nínú wọn, kí a má sì ṣe pè wọ́n láti wá gbọ́ ìdájọ́ nìkan. Èkejì, kí a fi iṣẹ́ kan lé wọn lọ́wọ́ láti jọ ṣe, ìbáà ṣe ọ̀nà oko tàbí ọjà tí a ná pọ̀, nítorí àwọn tí ó jọ làágùn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé àdá sí ara wọn. Ẹ̀kẹta, kí a dáàbò bo àwọn tí ó bá jẹ́ ìpè náà. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí ọ̀tá, àwọn tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. A pe Wuye àti Ashafa bẹ́ẹ̀. Bí ìjòyè kò bá dúró lẹ́yìn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò tún dábàá rẹ̀?

Ìjòyè tí ó bá lè pe ọ̀dọ́ sí ojú ogun ní òru, ó lè pè é sí ìlàjà ní ọ̀sán. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a tún fi ọmọ wa san gbèsè ìbínú tí àwọn baba ńlá wa jẹ. Àṣẹ.