Oyin Ìgbẹ́ Wa: Irú Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀



Oyin kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Òdòdó tí kòkòrò rẹ̀ bá fà mu ní í sọ àwọ̀ àti adùn rẹ̀: òmíràn pupa, òmíràn dúdú, ti àwọn kéékèèké tí kì í ta ni a máa ṣàn bí omi, a sì máa kan díẹ̀. Bí oyin bá dì nínú ìgò, èyí nìkan kò fi hàn pé a lú u. A kò sì gbọdọ̀ da afárá nù, nítorí ìda rẹ̀ wúlò fún asúdẹ, fún àbẹ́là àti fún ìpara.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Èkínní, kí a má ṣe fi iná sun ilé oyin mọ́. Iná a máa pa kòkòrò, a sì máa ràn mọ́ oko olóko. Èéfín díẹ̀ tó. Kí a gé afárá tí ó kún, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì, ní ti ìsọmọlórúkọ: àwọn oníṣègùn ti rí i pé kòkòrò àrùn kan lè wà nínú oyin, tí ó lè rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 lápá lẹ́sẹ̀, tí kò ní lè mu ọyàn. Nítorí náà, kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin wò ní orúkọ ọmọ, kí a sì wúre fún un. Àṣà wa kò bàjẹ́, ọmọ wa sì yè.

Kí ayé gbogbo wa dùn bí oyin o.